Èèwọ̀ Ni Ìtọ́jú Ara, Kì í Ṣe Ìgò Àgbo

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò dùn létí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀sìn wa ni mo ń bá wí. Ara wa ni mo ń bá wí. Ó pẹ́ tí a ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu nígbà tí àwọn kan láàrin wa ń fi orúkọ Ìṣẹ̀ṣe ta ohun tí kì í ṣe Ìṣẹ̀ṣe. Níbi ọdún tí a ṣe kẹ́yìn ní agbègbè wa, tábìlì mẹ́ta ni mo kà lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ. Ìgò àgbo dúdú ló kún orí wọn. Wọ́n kọ ọ́ sí ìgò lára pé yóò fa ikùn wọlé láàrin ọjọ́ méje, pé yóò yọ́ ọ̀rá dànù, pé yóò sì wo àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru sàn pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn olùtajà náà fi ìlẹ̀kẹ̀ Ifá sí ọrùn ọwọ́, ó ń sun ohun tí ó pè ní ẹsẹ Ifá lé orí ìgò. Àwọn ènìyàn ń rà á bí ẹni ra àkàrà. Mo kọjá lọ láìsọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń fi àkọsílẹ̀ yìí ṣe ètùtù rẹ̀.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo ní í sọ: ẹni tí ara rẹ̀ bá wúwo ju bó ti yẹ lọ, tí ó sì fẹ́ dín in kù, kí ó ṣe é lábẹ́ ojú oníṣègùn tó mọ ìwọ̀n, tó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí yóò sì bá a rìn jìnnà. Èyí kò ta ko Ìṣẹ̀ṣe. Ìgò ọlọ́jọ́ méje ló ta ko Ìṣẹ̀ṣe.

N kò sọ ọ́ láti òkèèrè. Èmi náà mu ún.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kílò 118 ni mo wọ̀n, gíga mi kò sì ju mítà 1.70 lọ. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Dókítà ti fún mi ní oògùn oníhóró kan tí ń mú ni tọ̀ lemọ́lemọ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀. Ẹnìkan tí a jọ ń bọ òrìṣà kan náà gbé ìgò méjì wá fún mi, ó ní kí n máa mu ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Kò bi mí bóyá mò ń lo oògùn mìíràn, èmi náà kò sì sọ. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹfà, ìgbẹ́ mi ti di omi, òṣùwọ̀n sì fi hàn pé kílò mẹ́rin ti lọ. Inú mi dùn, mo tún pe àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n wá rà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ mi kọ̀, àyà mi ń lù bí ìlù tí onílù rẹ̀ ti mutí yó, mo sì ṣubú ní àgbàlá níṣojú àwọn ọmọ mi.

Ilé ìwòsàn ni mo ti gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Iyọ̀ ara kan wà tí a ń pè ní pọ́táṣíọ̀mù, òun ni ọkàn fi ń lù déédéé. Ó ti lọ sílẹ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà á jáde láti inú ìtọ̀, àgbo ń fà á jáde láti inú ìgbẹ́. Olè méjì gba ẹnu ọ̀nà méjì wọlé, ẹrù kan náà ni wọ́n ń kó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo kúrò ní ilé ìwòsàn, kílò mẹ́rin tí mo fi ń yangàn ti padà sára mi pátá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ewé ni mo ń bú. Ewé àsùnwọ̀n, tí a sábà máa ń bá nínú irú àgbo bẹ́ẹ̀, ewé rere ni. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n fún ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà, iṣẹ́ tí ó sì mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Inú ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ tó dé ìfun ńlá, ìfun kékeré ti fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú agbára rẹ̀ sínú ara. Omi, iyọ̀ ara àti pàǹtírí ni ewé náà ń lé jáde. Ọ̀rá tó yí ikùn ká kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, nítorí ìṣirò kì í ṣègbè. Kílò kan ọ̀rá ara ń gbé agbára tó tó kálórì 7,700. Kílò mẹ́rin yóò wá jẹ́ 30,800. Ọkùnrin bíi tèmi ń ná nǹkan bí kálórì 2,500 sí 3,000 lójúmọ́. Bí n kò bá tilẹ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, n kò lè ná ju 18,000 lọ. Báwo ni kílò mẹ́rin ọ̀rá ṣe wá lè lọ ní ọjọ́ mẹ́fà, nígbà tí mo ń jẹ àmàlà lọ́sàn-án, tí mo ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́? Kò lọ rárá. Omi ni mo ń yà dànù, mo sì ń sanwó fún un.

Ohun mìíràn tún wà tó burú ju omi lọ. Ní ọdún 2010, wọ́n dá títa oògùn ìdínsanra kan tí ń jẹ́ sibutramine dúró ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù, nítorí pé ó ń fi kún ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Láti ìgbà náà, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ti kéde léraléra pé àwọn bá oògùn yìí kan náà nínú àwọn ohun ìdínsanra tí a kọ ọ́ sí lára pé ewé nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń mu irú rẹ̀ rò pé Ọ̀sanyìn ló ń ṣiṣẹ́ fún òun, láìmọ̀ pé oògùn tí òyìnbó fúnra rẹ̀ ti sọ nù ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn.

Ewé gan-an sì lè ṣe ìjàǹbá nígbà tí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú nídìí rẹ̀. Ní ìlú Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn lọ sí ilé ìtọ́jú ìdínsanra kan, wọ́n sì fún wọn ní oògùn oníhóró tí a fi egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà ṣe. Egbò kan tí ń jẹ́ Aristolochia ti bọ́ sínú rẹ̀ ní ipò egbò mìíràn. Ní 1993 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet pé kíndìnrín àwọn obìnrin náà ń bàjẹ́. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ni ó fara kááṣá rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, a ní láti pààrọ̀ kíndìnrín fún àwọn mìíràn, jẹjẹrẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀ sì mú àwọn kan lẹ́yìn náà. Ilé ìtọ́jú ni wọ́n ti gbà á, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì. Nítorí náà, kì í ṣe aṣọ funfun ni mo ń pè ní àbójútó. Àbójútó ni pé kí ẹnìkan mọ ohun tó fi sí ọ lẹ́nu, kí ó sì máa wo ohun tó ń ṣe nínú rẹ.

Àwọn olùtajà yóò ní ìgò àwọn ní nọ́ńbà NAFDAC. Kí wọ́n ka ohun tí a kọ sí ìsàlẹ̀ nọ́ńbà náà fún wa. Lára àwọn egbòogi tí NAFDAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni a máa ń kọ ọ́ sí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olùtajà sọ nípa rẹ̀ wò.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọn yóò kọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn, ilé òyìnbó ni, ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀ ti kẹ̀yìn sí àṣà. Mo bi wọ́n léèrè: ta ni nínú wa tí í rúbọ kí ó tó dáfá? Babaláwo wo ni yóò rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí kò tíì gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sọ́wọ́, tí yóò sì ní ‘lọ ra àgbò, lọ ra ẹyẹlé’? A óò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbájú-ẹ̀. Ìwádìí ni ó ń ṣíwájú ẹbọ nínú Ìṣẹ̀ṣe. Oníṣègùn tòótọ́ tí mo bá ní kékeré kì í já ewé fún obìnrin láìbi í bóyá ó lóyún tàbí ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó máa ń bi aláìsàn léèrè ọjọ́ orí, ohun tó jẹ lánàá, àti ohun tí oníṣègùn mìíràn ti fún un. Ó tún máa ń ní kí ó padà wá lọ́jọ́ karùn-ún kí òun lè wo ojú rẹ̀. Ẹni tó ń ta ìgò lórí WhatsApp kò bi ọ́ ní nǹkan kan àfi bóyá o ti san owó sí àpò ìfowópamọ́ rẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló jọ baba wa? Dókítà tó gba ẹ̀jẹ̀ mi, tó wọn ìfúnpá mi, tó bi mí nípa oorun mi àti àìsàn àwọn òbí mi kí ó tó sọ̀rọ̀, jọ baba wa ju ẹni tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́wọ́ lọ.

Wọn yóò tún ní Ifá ló sọ bẹ́ẹ̀. N kò ní fi ẹsẹ Ifá kankan dá wọn lóhùn níhìn-ín, nítorí àṣejù ìyẹn ló bí ìṣòro yìí. Ẹni tó bá hun ọ̀rọ̀ pọ̀ nílé ara rẹ̀, tó sì fi orúkọ Odù sí i kí ọjà lè tà, ó ti jalè lẹ́ẹ̀mejì: ó jí owó oníbàárà, ó sì jí orúkọ Ọ̀rúnmìlà. Bí ó bá dá a lójú pé Ifá ló sọ ọ́, kí ó kì í níwájú àwọn àgbà awo, kì í ṣe níwájú ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ ọdún tó ti há mọ́ ọn.

Wọn yóò sì ní àwọn baba wa kò gun òṣùwọ̀n rí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sóko, tí wọ́n sì fi ń rìn bọ̀; kò sí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà wọn, kò sì sí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò nínú àpèrè wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe pé wọn kò ní òṣùwọ̀n tiwọn. Obìnrin tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí láti kékeré mọ ọjọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ojú ni wọ́n fi ń wọn ara, ẹ̀rọ ni a fi ń wọ̀n ọ́n nísinsìnyí. Ìṣọ́ra kan náà ni.

Ẹgbẹ́ kejì wà tí mo gbọ́dọ̀ dá lóhùn, àwọn wọ̀nyí kì í sì í ta ìgò. Wọ́n ní ìsanra kì í ṣe àrùn rárá, pé òyìnbó ló fẹ́ sọ gbogbo wa di egungun, pé àwọn baba wa ka ara tó jọ̀lọ̀ sí ọlá. Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òtítọ́, n kò sì ní sẹ́ ẹ. A kò bí wa láti kórìíra ara ńlá. Orí tí Àjàlá mọ fún oníkálùkù kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni ara. Ẹni tó bá ń fi ẹlẹ́ran ara ṣe yẹ̀yẹ́ kò tọ́jú ẹnikẹ́ni, ó kàn ń dá egbò sí i lọ́kàn ni. Mo sì mọ ìbẹ̀rù tó wà ní òdìkejì. Nígbà tí èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, àwọn àgbà ilé pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní ‘Kí ló ń jẹ ọ́? Ṣé kò sí tí àrùn?’ Láàrin wa, ẹni tó bá fọn, a máa ń rò pé ikú ti ń pè é.

Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ wọn ni kì í ṣe òtítọ́. Ọ̀rá tó bá ń pọ̀ yí ikùn ká kì í jókòó lásán. Ó ń bá iṣẹ́ insulin jà, ó ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń dí èémí lójú oorun, ó sì ń di ẹrù lé orúnkún. Ìdíwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò kò ṣòro: pín kílò rẹ sí iye gíga rẹ ní mítà tí o sọ di ìlọ́po ara rẹ̀. Bí èsì bá tó 25, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra. Bí ó bá tó 30, ó ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ mú lọ fún oníṣègùn. Tèmi ti lé ní 40. Fi okùn ìwọ̀nṣọ yí ìbàdí pẹ̀lú: bí ti ọkùnrin bá kọjá sẹ̀ntímítà 94, tàbí tí ti obìnrin bá kọjá 80, ewu ti ń sún mọ́lé. Ìyàn yìí kò kan ẹwà rárá. Àwọn àgbà awo tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tí wọ́n kó ohun tí wọ́n mọ̀ wọ ilẹ̀ lọ kí wọ́n tó kọ́ ọmọ awo kankan, ni mo ń rò. A ní a ń sọ àṣà jí, bẹ́ẹ̀ ni a ń sin ilé ìkówèésí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀ tí ẹni tó ń ta ìgò kì í sọ, nítorí kò sí èrè fún un nínú rẹ̀: kò dìgbà tí o bá di tẹ́ẹ́rẹ́ kí ara rẹ tó sinmi. Bí ẹni tó sanra bá dín ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ kù, ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń sàn sí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ènìyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí jọ fún ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Àfojúsùn àwọn tí a kọ́ ní bí a ti ń jẹun àti bí a ti ń rìn ni pé kí wọ́n dín ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, pẹ̀lú olùtọ́sọ́nà tó ń pè wọ́n. Àtọ̀gbẹ tó mú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún; oògùn metformin dín in kù ní ìdá 31. Ní Scotland àti àríwá England, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2017 fi oúnjẹ olómi tí kò ju bíi kálórì 850 lọ lójúmọ́ tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ oúnjẹ sì ń rí wọn déédéé. Lẹ́yìn ọdún kan, àtọ̀gbẹ ti fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sílẹ̀ láìlo oògùn rẹ̀; láàrin àwọn tí a tọ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀, ìdá 4 péré ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ èyí kí ó lọ febi pa ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ìdí tí a fi nílò àbójútó nìyí: oògùn tó bá ara kílò 118 mu lè pọ̀ jù fún ara kílò 105. Ìfúnpá ẹni lè já wálẹ̀ jù, kí òòyì gbé e ṣubú. Alátọ̀gbẹ tó ń gba insulin, tó wá dín oúnjẹ kù láìdín insulin kù, lè dákú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá sì fọn kíákíá jù, òkúta lè dì sínú àpò òróòro rẹ̀. Ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni àwọn dókítà sábà máa ń pè ní ìrìn tó tọ́. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

N kò ní bo àṣìṣe ilé ìwòsàn mọ́lẹ̀. Kí n tó mu ìgò yẹn, mo ti kọ́kọ́ lọ sí ibì kan. Dókítà tí mo bá níbẹ̀ kò fọwọ́ kàn mí. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n yéé jẹun. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló tì mí sẹ́yìn ilé lọ bá ìgò. Bí àwọn dókítà bá ń bi ara wọn léèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń sá tọ alágbo lọ, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi: alágbo kò fi wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹnìkan bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíràn, bí ẹ ti ń wá awo mìíràn nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò bá mọ iṣẹ́. Èmi rí ẹlòmíràn. Ọmọ Yorùbá ni onímọ̀ oúnjẹ tó tọ́jú mi. Kò ní kí n fi àmàlà sílẹ̀ kí n máa jẹ ewé bí ehoro. Iye òkèlè ni ó bi mí. Ó ní kí n sọ ọ́ di ìdajì, kí n fi ẹ̀fọ́ àti ẹja dí àyè rẹ̀, kí n jẹ mọ́ínmọ́ín dípò búrẹ́dì láàárọ̀. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta tí mo ń mu lójúmọ́ ló kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi, nítorí ìgò ìdajì lítà kan lè ní ṣúgà tó lé ní gíráàmù 50. Ó ní kí n máa rìn. Mo rìn, mo sì padà sí ijó bàtá tí mo ti pa tì láti ọdún mẹ́wàá.

Abẹ́rẹ́ tuntun náà ńkọ́? Ẹ ti gbọ́ nípa semaglutide, tí a ń tà ní orúkọ Ozempic fún àtọ̀gbẹ, tí a sì ń tà ní orúkọ Wegovy fún ìsanra. Òògùn gidi ni. Ó ń fara wé ohun tí ìfun ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ láti sọ fún ọpọlọ pé a ti yó. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2021, àwọn tó gbà á fún ọ̀sẹ̀ 68 dín nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá a dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ló padà láàrin ọdún kan. Ní oṣù Okúdù 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kìlọ̀ nípa ayédèrú rẹ̀ tí wọ́n bá ní Brazil, Britain àti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí. Ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún, kí ó gbà á láìtijú. Ẹni tó bá ń rà á lọ́wọ́ aláṣọ ọjà, ìgò dúdú náà ló tún gbà lọ́nà mìíràn.

Wàyí o, mo dé ibi tí mo ń bọ̀. Kí ló dé tí ìwọ̀n fi ń padà? Ní 2011, àwọn oníwádìí ní Ọsirélíà fi hàn pé ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti fọn, àwọn ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pe ebi ṣì ń pariwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ara kò gbàgbé. Ó ń wá ọ̀nà láti gba ohun tó sọnù padà. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní ọ̀lẹ tàbí ọ̀kánjúwà kọ́ ni. Iṣẹ́ tí kò ní ìparí ni.

Èmi kò sì mọ ẹ̀dá kan lórí ilẹ̀ ayé tí iṣẹ́ àìnípẹ̀kun yẹ kí ó rọrùn fún ju àwa lọ, nítorí àwa la ni èèwọ̀. Ta ni nínú yín ló ti gbọ́ ọ rí pé ọmọ Ọbàtálá yẹra fún ẹmu fún oṣù mẹ́ta, ó wá ní òun ti parí èèwọ̀, kí wọ́n gbé agbè wá? Ta ní í da àdín sí Èṣù lọ́jọ́ Àìkú nítorí pé ó pa èèwọ̀ mọ́ láti ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta? A kì í kà á sí ìyà. A kì í wá ìgò tí yóò bá wa pa èèwọ̀ mọ́. A kàn mọ̀ pé ẹni báyìí ni wá, irú nǹkan báyìí kò sì wọ ẹnu wa. Bí a bá ṣì jẹ ẹ́, a ó ṣe ètùtù, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A kì í ní nítorí pé a ti ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, kí a kúkú jẹ ẹ́ títí ayé.

Bí ìtọ́jú ìwọ̀n ara ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìgò ń ṣèlérí ẹbọ àṣegbé ọlọ́jọ́ méje. Ara ń béèrè èèwọ̀. Ìgbà tí mo mú ẹlẹ́rìndòdò ní èèwọ̀, tí mo mú oúnjẹ lẹ́yìn agogo mẹ́jọ alẹ́ ní èèwọ̀, ni ọkàn mi tó balẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi dé kílò 103. N kò di tẹ́ẹ́rẹ́, dókítà kò sì ní kí n dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfúnpá mi tó jẹ́ 168 lórí 104 ti di 134 lórí 84, dókítà sì ti dín oògùn mi kù. Òun ló dín in kù. Èmi kọ́.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa gbogbo kò pọ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé tábìlì àgbo ìdínsanra sí ẹnu ọ̀nà ojúbọ wa mọ́, ì báà jẹ́ ní Ogúnjọ́ oṣù Ògún, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ì báà jẹ́ ní ọjọ́ mìíràn. Kí a bá ẹnikẹ́ni tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́wọ́ wí bí ó bá ní kí aláìsàn da oògùn ilé ìwòsàn nù. Kí ilé Ifá kọ̀ọ̀kan ra òṣùwọ̀n, okùn ìwọ̀nṣọ àti ẹ̀rọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó àgbò kan. Kí a máa gbé omi àti ẹ̀fọ́ sórí tábìlì ọdún pẹ̀lú ìyókù. Kí ẹ̀yin tí ẹ mọ ewé ní tòótọ́ kọ orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ewu rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí Ọ̀sanyìn lè dúró gbangba ní ojú ọ̀sán. Ẹni tó bá sì ń lo ewé, kí ó sọ ọ́ fún dókítà rẹ̀. Àìsọ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Bí ẹ̀yin olùtajà bá bínú sí mi, ẹ bínú. Ẹ wá síwájú àwọn àgbà, kí ẹ sọ ohun tó wà nínú ìgò yín, kí ẹ sọ orúkọ ẹni tó mu ún tí kílò rẹ̀ kò padà lẹ́yìn ọdún kan. Mo ń dúró.

Kí orí wa má ṣe gba àbọ̀dè ọ̀rọ̀. Kí a pẹ́ nílé ayé, kí ara wa sì gbé wa dé ibi tí a ń rè.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.